Iná Kékeré Tí Ń Gbé Ọkọ̀ Lọ: Nípa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Omi Tí Ó Ti Gbó

Nígbà tí oṣù Owérè bá parí tí Ọ̀wàrà sì wọlé, tí òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ láìsinmi, odò Ògùn kì í tún ṣe odò tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ là kọjá ní oṣù Èrèlé mọ́. Omi rẹ̀ a pọ́n, a gbòòrò, a sì máa gbé ìtì igi àti ewéko bọ̀ láti òkè. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìsédò Ọ̀yán wà ní òkè Abẹ́òkúta, èyí tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983, tí adágún omi rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 4,000. Bí adágún náà bá kún tí a sì níláti ṣí ẹnu rẹ̀, omi a sọ̀ kalẹ̀ bá odò Ògùn, a sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, omi wọ ilé ní ìhà Ìṣẹrì àti ní Ajégúnlẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ẹni tí ń fi ọkọ̀ wọ inú ilé ara rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ohun fàájì. Ọkọ̀ ni ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ilé ìwòsàn àti ọ̀nà àbáwọlé.

Ẹni tí ń gbé Kọ́bapẹ́ lè béèrè pé kí ni èyí kan òun. Kọ́bapẹ́ kò sí létí odò ńlá. Ojú ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣíún ni ó wà, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ọkọ̀ ilẹ̀ ju ọkọ̀ omi lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà ni Kọ́bapẹ́ àti Mokolókì wà, èyí tí ó jẹ́ ìlú etí odò Ògùn, tí ìrẹsì rẹ̀ sì lókìkí. Àna àti ìbátan kò jìnnà sí ara wọn ní ilẹ̀ náà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ omi kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó mọ ayùn onírin tí ń fi bẹntiróòlù ṣiṣẹ́, tàbí ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fọ́n oògùn sí oko, tàbí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré nì tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé àwọn sàn ju aládùúgbò àwọn lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá iná. Ẹni tí ó bá kọ́ wíwá iná ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́, níbi tí kò sí ewu omi, ti kọ́ ọ fún ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ ní Mokolókì tàbí ní ọ̀sà Èkó.

Àwọn baba ńlá àwọn Ẹ̀gbá kò ní irú ìyọnu yìí. Ọ̀pá àti àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀ láti Èkó wá sí Arọ́, tí wọ́n ń kó ọjà òkèèrè gòkè, tí wọ́n sì ń kó epo pupa àti òwú sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀nà rélùwéè ti Èkó kọjá ní Abẹ́òkúta, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọ̀nà omi náà di ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀pá kò ní púlọ́ọ̀gì, àjẹ̀ kò sì lè sọ pé òun kò ní ta iná ní òwúrọ̀ yìí. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí a óò tún padà sọ̀rọ̀ àjẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán.

Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn kan lè gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní ìlú Milwaukee. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ó mú kí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tàn ká. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó wà lórí ọ̀sà àti odò jẹ́ tòkunbọ̀, èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń lò ó báyìí. Àwọn mìíràn ti ju ogójì ọdún lọ. Irin wọn kì í tètè gbó. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ nínú wọn ni ohun tí ń dá iná.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ọkọ̀ kan tí ó ti èbúté kúrò ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà. Ènìyàn mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ aboyún, àpò ìrẹsì mẹ́ta sì wà ní àárín. Nígbà tí ó dé agbami, ẹ́ńjìnnì kọ́, ó tún kọ́, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà náà lọ kì í ṣe atukọ̀ ni ó ń darí ọkọ̀ mọ́, ìṣàn omi ni. Bí ọkọ̀ bá gbé ìhà sí ìṣàn, ìtì igi kan péré tó láti dojú rẹ̀ dé. Bí èrò bá sì dìde dúró nítorí ìjayà, ó burú ju ìtì igi lọ. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí èrò kún dojú dé nínú àkúnya omi ní Ogbaru ní ìpínlẹ̀ Anambra, ìjọba sì kéde pé ènìyàn 76 ni ó kú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ iná kékeré yìí fi tọ́ sí ojú ìwé kan láàárín ọ̀rọ̀ iṣu àti ọ̀rọ̀ ibà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iná náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò lè sí iná níbi tí kò bá sí bátìrì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a ń fi okùn fà kò ní bátìrì rárá. Ní orí rẹ̀, lábẹ́ ìdérí, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo kan wà tí àwọn mẹ́kánííkì ń pè ní fláíwíìlì. A ti kan òòfà mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá fa okùn, òòfà náà a yí kọjá lára kọ́ìlì, èyí tí í ṣe wáyà tín-ín-rín tí a wé ní ìgbà púpọ̀ yí irin kan ká. Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi hàn ní ọdún 1831 pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́bàá wáyà, agbára iná mànàmáná yóò jí nínú wáyà náà. Agbára àkọ́kọ́ yìí kéré, kò lè fo àlàfo kankan. Nítorí náà ni a ṣe fi irin méjì tí ń fi ẹnu ko ara wọn síbẹ̀, èyí tí à ń pè ní kọ́ńtákì. Bí kọ́ńtákì bá ṣí lójijì, agbára tí ń ṣàn nínú wáyà àkọ́kọ́ a já, kọ́ìlì kejì tí a fi wáyà tín bí irun wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà a sì sọ ìjá náà di agbára ńlá tí ó lè ju fóòlùtì 10,000 lọ. Iná ilé kì í ju bí 240 lọ. Agbára ńlá yìí ni ó ń fò láti ẹnu kan púlọ́ọ̀gì sí ẹnu kejì, tí ó sì ń tan bẹntiróòlù. Ilé iṣẹ́ Bosch ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó yanjú ní ọdún 1902. Nínú ẹ́ńjìnnì irú èyí, bí fláíwíìlì bá ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní láti ta iná ní ìgbà 83 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kò yani lẹ́nu pé ohun tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni láti máa fa okùn títí apá yóò fi ro wọ́n. Àṣìṣe kejì ni láti tú kàbúrétọ̀ palẹ̀. Ohun méjì pàtàkì ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè, epo àti iná, ó sì tọ́ kí a mọ èyí tí ó ṣaláìsí kí a tó gbé sípánà. Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn tí a bá ti fa okùn ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje, kí a yọ ọ́ kí a sì wò ó. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù tí ó sì ń rùn fún bẹntiróòlù, epo dé ibẹ̀, iná ni kò tàn án. Bí ó bá gbẹ, kí a lọ wo ọ̀nà epo: bóyá a kò ṣí ihò afẹ́fẹ́ orí táńkì, bóyá rọ́bà epo ti yọ. Bí ó bá dúdú tí ó kún fún ọ̀rá, epo ọ̀rá tí a pò mọ́ bẹntiróòlù ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbà àwọn baba ń fẹ́ ìwọ̀n 1 nínú 24, ṣùgbọ́n èyí tí ó dé lẹ́yìn wọn ń fẹ́ 1 nínú 50, èyí nì ni pé lítà kan epo ọ̀rá sínú lítà 50 bẹntiróòlù. Ẹni tí ó bá fi ojú wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ bínú sí púlọ́ọ̀gì.

Kí ó tó yọ ohunkóhun, ó yẹ kí atukọ̀ wo bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì àti okùn kékeré tí a ń so mọ́ ọwọ́ atukọ̀. Bí okùn yẹn bá ti yọ, kò sí iná tí yóò tan, bí ó tilẹ̀ wù kí a fà á tó. Àwọn ènìyàn ti san owó púpọ̀ nítorí okùn yìí.

Lẹ́yìn èyí ni dídán iná wò. Kí a fi orí wáyà rọ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì tí a ti yọ, kí a fi irin ara púlọ́ọ̀gì ti ara irin ẹ́ńjìnnì gbọnyin-gbọnyin, ní ibi tí ó jìnnà sí ihò tí a ti yọ ọ́, kí ẹnìkan sì fa okùn. Iná tí ó dára a máa jẹ́ aláwọ̀ búlúù, a sì máa dún tà-tà. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò ní ohùn kò tó, nítorí iná tí ó ń tan ní ìta lè kú nínú ẹ́ńjìnnì níbi tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀. Àwọn tí ó mọṣẹ́ a máa lo ohun ìdánwò tí ẹnu rẹ̀ ṣí tó ìdámẹ́rin íǹṣì. Bí iná bá fo ìyẹn, ó lágbára. Ní òjìji tàbí ní àṣálẹ́ ni a ti ń rí i dáadáa. Ẹ̀wẹ̀, èyí gan-an ni ibi tí ewu wà. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí omi, iná kékeré kan sì tó láti gbé gbogbo rẹ̀ jó. Kí a gbé táńkì jìnnà, kí a nu èyí tí ó dà sílẹ̀, kí a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá, kí a sì fi àkísà dí ihò púlọ́ọ̀gì. Kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ lásán di púlọ́ọ̀gì tàbí wáyà rẹ̀ mú. Agbára náà lè ta ènìyàn nù sínú omi, ó sì léwu fún ẹni tí àyà rẹ̀ kò le.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ní púlọ́ọ̀gì méjì, Ọlọ́run ti ṣe é ní ire. Kí a pààrọ̀ wọn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé púlọ́ọ̀gì lọ sí ìhà kejì, púlọ́ọ̀gì ni ó kú, iye rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí àìsàn bá dúró ní ìhà tí ó wà tẹ́lẹ̀, wáyà tàbí kọ́ìlì ìhà yẹn ni kí a wò. Ṣùgbọ́n bí iná bá sá kúrò ní ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò rọrùn kí kọ́ìlì méjì kú ní wákàtí kan. Ohun kan tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń lò ni kí a fura sí. Ohun náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ni wáyà bọ́tìnì ìpaná. Iṣẹ́ wáyà yìí ni láti gbé agbára kọ́ìlì lọ sí ara irin kí iná má baà tàn mọ́. Bí rọ́bà ara rẹ̀ bá bó tí ó sì kan irin, ó ti pa ẹ́ńjìnnì náà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì. Kí a yọ ọ́ kúrò ní ibi tí ó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí a sì tún dán iná wò. Bí iná bá padà, a ti rí olè náà. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ẹ́ńjìnnì tí a yọ wáyà yìí kò ní gbọ́ ti bọ́tìnì mọ́. Ṣóòkù ni a óò fi pa á, tàbí kí a yọ rọ́bà epo rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọgbọ́n láti dé ilé nìkan. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ títí ń fi ẹ̀mí wewu, nítorí ọjọ́ tí ó bá ṣubú sínú omi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní dúró dè é.

Àìsàn kan wà tí ó ṣòro ju gbogbo wọn lọ, òun ni ó sì ń kó àwọn ènìyàn sí agbami. Ẹ́ńjìnnì yóò jí ní òwúrọ̀ ní fífà ẹ̀ẹ̀kan. Yóò sáré dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà yóò kọ́, yóò sì kú. Bí a bá jókòó fún ìdajì wákàtí, yóò tún jí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí olówó rẹ̀ bá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹ́kánííkì ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti tutù, iná ń ta búlúù, mẹ́kánííkì yóò sì sọ pé òun kò rí àrùn kankan, tàbí kí ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kí ó fọ kàbúrétọ̀, kí ó sì gba owó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó wò. Ṣùgbọ́n àárín odò ni àrùn náà wà.

Kọ́ìlì ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ tín bí irun, ọ̀dà tí a fi kùn ún ni kò jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Bí ó ti ń gbó, ọ̀dà náà a máa lanu. Nígbà tí ó bá tutù, àwọn ẹnu náà pa dé, agbára sì ń gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá gbóná, wáyà a ràn, ìlanu a ṣí, agbára a sì máa jò lọ sí ibi tí kò yẹ. Àwọn kọ́ìlì Johnson àti Evinrude tí a ṣe ní àwọn ọdún 1950 lókìkí fún èyí, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè rí ibi tí ara wọn ti sán. Kọ́ìlì tí ara rẹ̀ ti sán kò ní oògùn, àtúnrà ni.

Ṣùgbọ́n kí a má yára dá kọ́ìlì lẹ́bi, nítorí ihò afẹ́fẹ́ táńkì tí ó dí a máa ṣe bí ó ti ń ṣe gẹ́lẹ́. Bí epo ti ń lọ tí afẹ́fẹ́ kò sì wọlé rọ́pò rẹ̀, táńkì a fún epo náà mọ́ra, ẹ́ńjìnnì a sì kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá jókòó, afẹ́fẹ́ a rọra jò wọlé, ẹ́ńjìnnì a sì jí. Báwo ni a ṣe lè ya ìbejì yìí sọ́tọ̀? Ní ìṣẹ́jú tí ó kú gan-an, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, kí a ṣí ìdérí táńkì. Bí ó bá mí fìn-ín bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé, táńkì ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí a tún dé e, kí a sì jẹ́ kí òórùn epo lọ. Nígbà náà ni kí a yọ púlọ́ọ̀gì kí a sì dán iná wò, nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ó tó rí ààyè mú ara dá. Bí kò bá sí iná, tàbí tí iná bá pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó sì tún padà di búlúù lẹ́yìn ìdajì wákàtí, a ti rí ìdí rẹ̀: kọ́ìlì ni, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè rí ìfun èèrà yìí ní òwúrọ̀ tútù. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a so ẹ́ńjìnnì tí a ń fura sí mọ́ inú àgbá omi ní àgbàlá, tí omi rẹ̀ bo ibi tí ó ti ń fa omi, kí a jẹ́ kí ó sáré títí yóò fi gbóná, kí ó bàa lè kú níbẹ̀ níwájú mẹ́kánííkì. Ó sàn kí ó kú nínú àgbá ní Kọ́bapẹ́ ju kí ó kú ní iwájú Ìṣẹrì. Kí a má ṣe sáré rẹ̀ nínú ilé tàbí nínú yàrá tí a pa dé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pani láìsí òórùn tí ń kìlọ̀.

Nípa kọ́ńtákì, a lè sọ ọ́ ní kúkúrú. Abẹ́ fláíwíìlì ni ó wà. Irin ìfà ni a fi ń yọ fláíwíìlì, kì í ṣe òòlù. Ẹni tí ó bá fi òòlù lu orí kíráńkì ti sọ àtúnṣe kékeré di ńlá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó fún oṣù mẹ́fà, ẹnu kọ́ńtákì a máa hu ìdọ̀tí tí ojú kò rí, agbára kékeré inú kọ́ìlì kò sì lè là á kọjá. Kí a fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ fà á lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí a sì fi pépà mímọ́ nu ún gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Johnson àti Evinrude àtijọ́, ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ ṣí tó, èyí tí ó jẹ́ bí ìdajì mìlímítà. Púlọ́ọ̀gì tiwọn ń fẹ́ ìdá 30. Bí kò bá sí irin ìwọ̀n nítòsí, káàdì báńkì tí a fi ń gba owó lára ẹ̀rọ nípọn tó mìlímítà 0.76, èyí sì bá ìdá 30 yẹn mu, ṣùgbọ́n fún púlọ́ọ̀gì nìkan ni, kì í ṣe fún kọ́ńtákì. Ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnu kọ́ńtákì bá ń jó dúdú láìpẹ́ lẹ́yìn tí a tún un ṣe, kọ́ńdẹ́ńsà ti kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà okùn padà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ tàbí tí ó ń yìnbọn, tí iná sì dára, kí a wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí ó di fláíwíìlì mú. Bí ó bá ti gé, iná ń tan, ṣùgbọ́n kì í tan ní àkókò.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí a ṣe láti bí àwọn ọdún 1970 wá, pẹ̀lú Yamaha tí àwọn apẹja Èkó fẹ́ràn, kò ní kọ́ńtákì mọ́. Àpótí kékeré kan tí a ti dí pa ni ó ń kó agbára jọ tí ó sì ń tú u sílẹ̀. Àpótí náà kò ṣeé tú, kò sì sí sáńpépà tí ó lè wò ó sàn. Kí a má ṣe fa okùn irú wọn nígbà tí orí wáyà púlọ́ọ̀gì wà ní òfuurufú láìfi ara kan nǹkan kan, nítorí agbára tí kò rí ọ̀nà jáde lè padà ba kọ́ìlì àti àpótí jẹ́. Wọ́n gbówó lórí. Nítorí náà kí a wo gbogbo wáyà àti orí wáyà kí a tó dá àpótí lẹ́bi. Orí wáyà tí ó ti di aláwọ̀ ewé nítorí iyọ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra àpótí tuntun tí wọn kò nílò.

Iyọ̀ ni ọ̀tá tí àwọn ará odò Ògùn kò mọ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀sà. Omi odò kò níyọ̀. Omi ọ̀sà Èkó a máa dùn díẹ̀ ní ìgbà òjò nígbà tí odò bá ń tú sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun a máa wọlé, iyọ̀ rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti ìhà Ìṣẹrì lọ sí ọ̀sà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kí ó tó padà gbọ́dọ̀ mu omi tí kò níyọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an: kí a gbé e sínú àgbá omi kànga, kí ó sáré níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì fi aṣọ gbígbẹ nu abẹ́ ìdérí àti gbogbo orí wáyà.

Nínú àpótí tí omi kò lè wọ̀, kí atukọ̀ ní púlọ́ọ̀gì tuntun méjì tí a ti wọn ẹnu wọn sílẹ̀, sípánà púlọ́ọ̀gì, sáńpépà, aṣọ gbígbẹ, tọ́ọ̀ṣì, àti okùn tí ó lè wé mọ́ fláíwíìlì bí okùn ìfà bá já. Kí ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó wà lára èrò kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kì í ṣe lábẹ́ àga. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú odò tí ó kún, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe púlọ́ọ̀gì. Kí atukọ̀ ní kí gbogbo èrò jókòó, kí ó fi àjẹ̀ yí imú ọkọ̀ kojú ìṣàn, kí ó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ láti iwájú, kì í ṣe láti ìdí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró jẹ́ẹ́ ni kí ó tó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá iná. Àjẹ̀ méjì ni ó yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀, nítorí ọ̀kan lè bọ́ sómi.